Orí Kẹfà: Kòkó Lórí Ilẹ̀ Onílẹ̀ – Ẹ̀tọ́ Ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti Gbèsè Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n Kékeré

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1990, ìdíje Ife Àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ ní Ítálì. Ireland ń bá Netherlands ṣeré ní Palermo. Ní wákàtí kan náà, England ń bá Íjíbítì ṣeré ní Cagliari. Eré England ni tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé sáfẹ́fẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí, torí ará ilé ẹni là ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Àwọn ọmọ Ireland tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ọ̀rọ̀ náà dùn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì láàárín wọn, Michael O'Rourke àti Leonard Ryan, háyà gbọ̀ngàn ijó kan ní Ealing, wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa rí àwòrán eré náà gbà, wọ́n sì ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Mushin tàbí ní Bẹẹrẹ kò nílò àlàyé lórí irú òwò tí àwọn méjì yìí dá sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Òwò ọjọ́ kan yẹn ló di Setanta Sports. Orúkọ inú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Ireland ni Setanta. Òun ni wọ́n ń pe akọni wọn, Cú Chulainn, nígbà tó wà lọ́mọdé, ọmọ tó fi igi àti bọ́ọ̀lù pa ajá rírorò kan tó gbéjà kò ó. Àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Àmọ́ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2009, ọdún mọ́kàndínlógún àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn eré Palermo, gbèsè wó Setanta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́. Ajá kejì rorò ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nínú orí yìí, a óò wo ajá náà dáadáa. A óò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń rà, a óò dé orí ìṣirò owó, lẹ́yìn náà a óò padà sílé, sí Nàìjíríà, níbi tí irú ọ̀rọ̀ yìí kò ti ṣàjèjì.

Ohun tí à ń rà gan-an

Lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ilé-iṣẹ́ kan "ra bọ́ọ̀lù", òmíràn "ra fíìmù". Kò sẹ́ni tó ra bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ni ìdíje ló ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń sanwó fún ni ààyè láti gbé àwòrán náà sáfẹ́fẹ́ fún àkókò kan, ní ilẹ̀ kan, ní ọ̀nà kan. Ààyè yìí ni à ń pè ní ẹ̀tọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àlejò tó bá dé abúlé tó fẹ́ dáko yóò tọ onílẹ̀ lọ, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á jẹ́ kó gbin ẹ̀gẹ́, kó gbin àgbàdo, kó kọ ebè iṣu. Wọn kì í sábà gbà kó gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ láìtọrọ àyè, torí igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ máa ń mú kí àlejò gbàgbé pé àlejò lòun. Ọ̀rọ̀ kòkó yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó gba ẹ̀tọ́ ọdún mẹ́ta, tó wá tìtorí rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ tuntun, tó ra ẹ̀rọ, tó háyà satẹ́láìtì, tó sì tẹ orúkọ ìdíje náà sára gbogbo dẹkódà rẹ̀, kòkó ló ń gbìn sórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀tọ́ yìí ṣeé gé wẹ́wẹ́. Olówó ìdíje lè ta ti Nàìjíríà fún ẹnìkan, kó ta ti Ghana fún ẹlòmíràn. Ó lè ta eré tó ń lọ lọ́wọ́ fún ilé-iṣẹ́ kan, kó ta àkópọ̀ góólù alẹ́ fún òmíràn, kó tún ta ti orí fóònù fún ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ó lè sọ pé satẹ́láìtì nìkan ni ẹ gbà, pé ẹ kò gbọ́dọ̀ lo afẹ́fẹ́ tí gbogbo ayé ń rí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè gbà kí ẹ tún un yá ẹlòmíràn, ó sì lè fòfin dè é. Nígbà tí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, inú àwọn gbólóhùn kéékèèké yìí ni agbẹjọ́rò máa ń kọ́kọ́ wò. Kí ni orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n kọ? Ọjọ́ wo ló parí? Ta ló fọwọ́ sí i? Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré tó ń fi ayọ̀ bọ onílẹ̀ lọ́wọ́ níwájú àwọn oníròyìn kì í sábà rántí bi ara rẹ̀.

Èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àdáni, èyí tó ń sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè gbé e. Òun náà ló ń fa oníbàárà, torí ẹni tó bá fẹ́ wòran yóò wá sọ́dọ̀ yín ní dandan.

Owó tó ń kán, gbèsè tó ń rọ́

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré ní ìlú wa ń rówó láti ọ̀nà mélòó kan. Ìpolówó ọjà wà, onígbọ̀wọ́ ètò wà, owó ìkéde òkú àti ìgbéyàwó wà. Ọ̀pọ̀ ló tún ń ta wákàtí: pásítọ̀ ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, aláàfáà ra ti ọjọ́ Jímọ̀, alágbo ra ti ọ̀sán, olóṣèlú sì ra gbogbo èyí tó kù nígbà ìdìbò. Èmi kò bú wọn. Owó tó ń ra dísù kò ní àwọ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí bó ṣe ń wọlé: díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nígbà míì lẹ́yìn tí a ti pe olówó lórí fóònù títí kírẹ́díìtì fi tán. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba àsansílẹ̀ owó lọ́wọ́ àwọn awòran kò sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù dé, ẹnìkan san, ẹnìkan ní kí a dúró kí owó iṣẹ́ òun jáde ná.

Owó ẹ̀tọ́ kò mọ "ẹ ní sùúrù". Ó ní ọjọ́, ó sì máa ń dé gìdìgbà. Ìdá kan lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, ìdá kan kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ìdá kan ní oṣù kan pàtó. Ojú kan ni gbogbo àárẹ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré ti ń bẹ̀rẹ̀: owó tó ń wọlé ń kán bí òjò òwúrọ̀, èyí tó ń jáde ń rọ́ bí àgbàrá.

Owó ìwé àṣẹ pàápàá lè di ẹ̀wọ̀n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àjọ tó ń ṣàkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, NBC, kéde pé òun gba ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n 52 nítorí gbèsè tó jẹ́ bílíọ̀nù 2.66 náírà, ó sì ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. AIT àti Silverbird wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Ariwo ta, wọ́n sún ọjọ́ síwájú, ọ̀rọ̀ sì dé ilé-ẹjọ́. Ẹ pín bílíọ̀nù 2.66 sọ́nà 52, ẹ óò rí i pé kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 51 náírà lọ fún ẹyọ kan, bí a bá pín in dọ́gba. Owó ọkọ̀ kan tàbí méjì ni. Bí AIT, tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀, bá lè wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ lè mọ bí àpò àwọn tó kéré sí i ṣe rí.

Ìṣirò Setanta

Ẹ jẹ́ ká padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Láti ọdún 1992 tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Sky, ni gbogbo eré tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù dá sí i, wọ́n ní ẹnìkan kò gbọ́dọ̀ dá ra gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe gbàǹjo ti sáà 2007 sí 2010, ní ọdún 2006, wọ́n dì í sí ìdìpọ̀ mẹ́fà, eré 23 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Sky ra mẹ́rin. Setanta, tí kò tíì tóbi, ra méjì ní mílíọ̀nù 392 pọ́n-ùn.

Ẹ mú bírò. Ìdìpọ̀ méjì jẹ́ eré 46 lọ́dún, ọdún mẹ́ta jẹ́ eré 138. Ẹ pín mílíọ̀nù 392 sí 138: eré kan ń jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.8 pọ́n-ùn. Ẹ pín in sí ọdún mẹ́ta: nǹkan bíi mílíọ̀nù 131 lọ́dún. Nígbà náà, nǹkan bíi pọ́n-ùn mẹ́wàá ni awòran ń san lóṣù. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi wó, àwọn tó ń sanwó fún un jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2. Bí gbogbo wọn bá san pọ́n-ùn mẹ́wàá láìyẹ̀ lóṣooṣù, yóò jẹ́ mílíọ̀nù 144 lọ́dún. Ẹ yọ mílíọ̀nù 131 kúrò, mílíọ̀nù 13 ló kù láti fi sanwó òṣìṣẹ́, satẹ́láìtì, ìpolówó àti kámẹ́rà, láti tún sanwó gbogbo ìdíje mìíràn tí wọ́n ti gbà. Wọ́n sì ti gbà púpọ̀: bọ́ọ̀lù Scotland, ife FA, eré England, gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Mílíọ̀nù 1.9 awòran ni wọ́n sọ pé àwọn nílò kí owó tó wọlé tó lè bá èyí tó ń jáde dọ́gba. Àlàfo mílíọ̀nù 0.7 yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ènìyàn kò wò ó. Mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ènìyàn tó ń sanwó lóṣooṣù, ilé-iṣẹ́ wo ní ilẹ̀ wa ni kò ní fi ṣe àsè? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi iye ènìyàn tí wọ́n retí tọrọ ilẹ̀, wọ́n sì fi iye tí wọ́n rí san ìṣákọ́lẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2009, gbàǹjo ti 2010 sí 2013 wáyé. Ìdìpọ̀ kan péré ni Setanta rí, ní mílíọ̀nù 159 pọ́n-ùn. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó ń ta eré méjì fún awòran lónìí ni yóò máa ta ẹyọ kan lọ́dún tó ń bọ̀, ní irú owó kan náà. Àwọn tó fi owó wọn sínú òwò náà rí i kedere, ọwọ́ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ní ìgbà ẹ̀rùn ọdún náà, wọn kò rí mílíọ̀nù mẹ́ta san fún líìgì Scotland. Ní oṣù kẹfà, mílíọ̀nù mẹ́wàá tó yẹ kí wọ́n san fún Premier League kọjá ọjọ́. Premier League sún ọjọ́ síwájú díẹ̀, kò sí owó, ó sì gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n mìíràn, ESPN, ti gbà á.

Mílíọ̀nù mẹ́wàá tó pa á yìí, ìdá kan nínú mẹ́tàlá owó ọdún kan ni. Ibi tí mo ti máa ń dúró nìyí nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń rò pé iye tí a fi ra ẹ̀tọ́ ló ń pa ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ tí a ní láti san án ló ń pa á.

Àwọn tó fara gbá a jù kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Scotland ti fọkàn sí owó Setanta, àwọn kan sì ti fi ṣèlérí owó oṣù fún agbábọ́ọ̀lù. Nígbà tí ayálégbé bá sá, onílé náà kì í sùn. Apá ti Setanta ní Ireland kò bá a kú. Ó ń bá iṣẹ́ lọ títí ilé-iṣẹ́ Eir fi rà á, tó sì di eir Sport ní 2016.

Onídùúró dà?

Ọdún méje ṣáájú, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti rí irú rẹ̀. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kékeré ni tèyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé fò. Ilé-iṣẹ́ ńlá méjì, Carlton àti Granada, dá ITV Digital sílẹ̀ láti bá Sky figagbága. Ní 2000, ITV Digital ṣe àdéhùn mílíọ̀nù 315 pọ́n-ùn fún ọdún mẹ́ta pẹ̀lú Football League, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tó wà lábẹ́ Premier League. Awòran kò pọ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, ó kù mílíọ̀nù 178.5 láti san. ITV Digital ní òun lè san mílíọ̀nù 50. Àwọn ẹgbẹ́ kọ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ alábòójútó.

Football League ní kò burú, ọmọ lè kú, bàbá ṣì wà láyé. Wọ́n pe Carlton àti Granada lẹ́jọ́ pé kí wọ́n san gbèsè ọmọ wọn. Ní oṣù kẹjọ 2002, ilé-ẹjọ́ dá a pé wọn kò jẹ gbèsè kankan. Ìdí? Kò sí ibì kankan nínú ìwé àdéhùn tí àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dúnàádúrà. Ó ti wà nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ṣùgbọ́n kò dénú àdéhùn tó so wọ́n pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Bradford City àti Ipswich Town wà lára àwọn tí gbèsè dé mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó fẹ́ yá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ní láti mú onídùúró méjì wá, kí wọ́n tẹ̀ka. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 72 kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí mílíọ̀nù 315.

Láti ìgbà náà ni olówó ìdíje ti gbọ́n. Ohun tí wọ́n ń béèrè báyìí lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré ni ìwé onídùúró láti báǹkì, kí iná tó tàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn.

Sáà kan, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta

Sáà 2007 sí 2010 tí Setanta jìjàkadì lé lórí kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, HiTV, tí Toyin Subair dá sílẹ̀, gba ẹ̀tọ́ Premier League ní sáà kan náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, ilé-iṣẹ́ tuntun kan tó ń jẹ́ GTV ló gba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eré náà. DStv, tó ti mọ́ra pé òun nìkan ló ń gbé e, bá ara rẹ̀ níta. Àwọn tó wà ní Èkó nígbà náà á rántí: gbogbo òrùlé tó ní díṣì kan tún ní èkejì, torí ẹni tó fẹ́ wo Chelsea kò ní tìtorí fíìmù fi í sílẹ̀. Àwọn onílé ìwòran bọ́ọ̀lù san owó méjì.

GTV ló kọ́kọ́ ṣubú. Àìrí owó láti fi bá iṣẹ́ lọ, ní àkókò tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dojú dé, ni wọ́n sọ. Ní òpin oṣù kìíní 2009, iná kú láìròtẹ́lẹ̀. Awòran tó ti san àsansílẹ̀ rí gíláàsì dúdú. Setanta tẹ̀lé e ní oṣù kẹfà.

HiTV pẹ́ jù wọ́n lọ, ó sì gbé sáà rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ ìṣòro kan wà ní tirẹ̀ tí àwọn méjì yòókù kò ní tó bẹ́ẹ̀: náírà ló ń gbà, owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń ta ẹ̀tọ́. Ní oṣù kọkànlá 2008, dọ́là kan ṣì jẹ́ nǹkan bíi náírà 118. Kí oṣù kìíní 2009 tó parí, ó ti kọjá 145. Ẹni tó jẹ gbèsè mílíọ̀nù dọ́là kan ní oṣù kọkànlá gbọ́dọ̀ wá mílíọ̀nù 27 náírà mìíràn ní oṣù kìíní, láìra ohun tuntun kankan, kìkì pé ó sùn ó jí. Kò sì lè pe awòran rẹ̀ kó ní kí wọ́n fi kún un láàárín ọdún.

Ní oṣù kẹjọ 2009, Báǹkì Àpapọ̀, lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rù ba gbogbo báǹkì, wọ́n fún ọwọ́ pọ̀. Ẹni tó bá ń wá báǹkì tí yóò ṣe onídùúró fún un lásìkò yẹn, ẹ bá a kẹ́dùn. Nígbà tí sáà 2010 sí 2013 fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ náà ti padà sọ́wọ́ SuperSport, ìyẹn àwọn DStv. HiTV kò pẹ́ lẹ́yìn náà kó tó kúrò lójú afẹ́fẹ́. Àwọn dẹkódà rẹ̀ di ohun tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń tú nítorí irin inú wọn.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé àwọn ńlá ló pa HiTV. Èmi kò gbà tán. Àwọn ńlá kò nílò láti pa á. Wọ́n kàn jókòó de ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ní oko tirẹ̀ kò níkánjú sí oko àlejò.

Aáwọ̀ tó wà nítòsí: fíìmù àti orin

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ máa bá ṣiṣẹ́ kò ní gbé Premier League láéláé. Fíìmù Yorùbá àti orin ni wọ́n máa gbé. Ẹ má rò pé aáwọ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀. Mákẹ́tà kan láti Ìdúmọ̀tà mú fíìmù wá, ó gba owó díẹ̀, ó ní kí ẹ máa gbé e. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni tó ṣe fíìmù náà fi lẹ́tà agbẹjọ́rò ránṣẹ́. Mákẹ́tà ní òun ra fíìmù náà tán. Òótọ́ lè wà lẹ́nu àwọn méjèèjì: ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà sínú díìsì kó sì tà á lọ́jà ni mákẹ́tà rà. Nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti Nàìjíríà, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fún yín. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, tó rọ́pò ti 1988, kò yí ìyẹn padà. Ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè kì í ṣe rìsíìtì mákẹ́tà, ìwé tí ẹni tó ṣe fíìmù fi gbé ẹ̀tọ́ náà fún mákẹ́tà ni, kó sì dárúkọ tẹlifíṣọ̀n nínú rẹ̀.

Ti orin tún lójú pọ̀ díẹ̀. Àjọ tó ń gba owó fún àwọn olórin, COSON, gba àṣẹ ìjọba ní 2010. MCSN, tó ti ń jà fún irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba tirẹ̀ ní 2017. Nígbà náà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lè rí ìwé gbèsè láti ọ̀dọ̀ àjọ méjì lórí orin kan náà. Ẹni tó san fún ọ̀kan kò mọ̀ bóyá òun ti bọ́ lọ́wọ́ èkejì. Ìmọ̀ràn mi kò ju èyí lọ: ẹ kọ orúkọ gbogbo orin tí ẹ bá lò, ọjọ́ àti wákàtí rẹ̀, sínú ìwé kan lójoojúmọ́. Ẹni tó ní àkọsílẹ̀ lè jiyàn. Ẹni tí kò ní, àwọn àjọ ni yóò máa ṣírò fún un.

Ṣé ó yẹ kí ẹnìkan dá gbé e?

Ní oṣù kẹsàn-án 2008, England na Croatia ní Zagreb, góólù mẹ́rin sí ẹyọ kan. Theo Walcott nìkan jẹ mẹ́ta. Setanta nìkan ló gbé e lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí kò ní dẹkódà rẹ̀ kò rí eré orílẹ̀-èdè wọn, àkópọ̀ góólù pàápàá di ọ̀rọ̀ ìjà. Ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bínú sí Setanta nítorí ọjọ́ yẹn. Ẹ̀tọ́ àdáni tó yẹ kó mú ènìyàn wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ní Nàìjíríà, NBC gbìyànjú láti fi òfin yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àtúnṣe tó ṣe sí ìlànà ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní 2020, ó ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí eré ìdárayá yá àwọn yòókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré yọ̀. Àwọn tó ń náwó ṣe ètò tiwọn bínú, wọ́n ní ta ni yóò tún fi owó ńlá ra nǹkan tí aládùúgbò rẹ̀ máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ní 2022, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó fagi lé àtúnṣe náà.

Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn kékeré nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n òfin náà kì bá lè gbà wọ́n. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí owó dísù san kò ní rí owó ẹ̀tọ́ tí wọ́n yá a san, bó ti wù kó kéré tó. Èyí tó lè ràn án lọ́wọ́ ni oko tirẹ̀: eré àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ìlú, ọdún ìbílẹ̀, ìjíròrò nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, ètò tí kò sẹ́ni tó lè gbà padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kí ìdíje tí ó yá jẹ́ àgbàdo. Kí kòkó wà lórí ilẹ̀ tirẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú yín ń rí mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lóṣù, ó sì ń ná mílíọ̀nù 3.2. Mílíọ̀nù mẹ́ta wà nípamọ́ ní báǹkì. Wọ́n fún un ní ẹ̀tọ́ líìgì kan fún oṣù mẹ́jọ ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án: ìdajì lọ́jọ́ ìfọwọ́sí, ìdajì ní òpin oṣù kẹta. Onígbọ̀wọ́ kan ṣèlérí mílíọ̀nù 12 fún gbogbo rẹ̀, mílíọ̀nù 1.5 lóṣooṣù, àmọ́ ìparí oṣù ni ilé-iṣẹ́ náà lè fi ìwé owó ránṣẹ́, ọjọ́ 90 lẹ́yìn rẹ̀ sì ni onígbọ̀wọ́ ń sanwó. Lórí ìwé, èrè mílíọ̀nù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ṣé kí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí i? Bí ẹ bá ní rárá, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n yí padà nínú àdéhùn náà, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ sì máa kọ́kọ́ lọ: olówó ìdíje, onígbọ̀wọ́, tàbí báǹkì? Ẹ fa ìlà méjì sórí ìwé, ẹ kọ ọjọ́ tí owó máa wọlé sí ọ̀tún, ọjọ́ tí owó máa jáde sí òsì, kí ẹ tó dáhùn.